Àkàrà La Òkun Kọjá: Ẹ̀kọ́ Lórí Orúkọ, Èlò àti Iṣẹ́ Ọwọ́

Kò sí ẹni tí ó gba ilé-ẹ̀kọ́ yìí kọjá tí kò mọ àkàrà. Ní Ilé-Ogbó níhìn-ín, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Ìwó àti ní gbogbo agbègbè Ayédire, òórùn ata àti àlùbọ́sà nínú epo gbígbóná wà lára ohun tí ń sọ fún ọmọ iléèwé pé ilẹ̀ ti mọ́. Ẹ̀kọ gbígbóná kan, àkàrà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, oúnjẹ òwúrọ̀ ti délẹ̀. Nítorí pé a mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀, a kì í sábà ronú nípa rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni oúnjẹ kékeré yìí ti rin ìrìn tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò rìn rí. Wọ́n ń tà á ní ìgboro Salvador ní ilẹ̀ Brazil. Wọ́n ń dín in ní Freetown. Orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu àwọn ará Trinidad àti Martinique. Ní àkókò àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí, nígbà tí àwọn ọmọ wa ti tàn ká gbogbo ayé, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè pé: bí nǹkan bá kúrò nílé lọ sí ọ̀nà jíjìn, kí ni ó ń bá a lọ, kí sì ni ó ń bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà? Ohun mẹ́ta ni a óò máa wò bí ẹ̀kọ́ yìí ti ń lọ: orúkọ oúnjẹ náà, èlò tí a fi ń ṣe é, àti iṣẹ́ ọwọ́ tí ń sọ èlò di oúnjẹ.

ÀKÀRÀ NÍLÉ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí a ti ń ṣe é nílé, kí a lè mọ ohun tí ó yí padà nígbà tí ó dé ẹ̀yìn odi. A ó rẹ ẹ̀wà sínú omi kí èèpo rẹ̀ lè rọ̀. A ó bó o, a ó ṣan èèpo náà dànù, a ó sì lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà, ìbáà ṣe lórí ọlọ tàbí nínú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Ìyá alákàrà yóò máa po ó, yóò máa lù ú, títí afẹ́fẹ́ yóò fi wọ inú rẹ̀ tí yóò sì wú. Afẹ́fẹ́ yìí ni ó ń mú kí àkàrà fúyẹ́, kí ó sì léfòó lórí epo. Èròjà amúaradàgbà tí ó wà nínú ẹ̀wà ni ó ń di afẹ́fẹ́ náà mú, ìdí nìyí tí àkàrà kò fi nílò ẹyin tàbí ìyẹ̀fun kí ó tó lè dúró. Bí omi rẹ̀ bá pọ̀ jù, tàbí tí a kò bá po ó dáadáa, yóò fọ́n ká nínú epo. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nígbà tí àṣírí bá tú, pé àkàrà tú sépo.

Àkàrà kì í ṣe oúnjẹ òwúrọ̀ nìkan. Bí àgbàlagbà bá ṣaláìsí, a máa ń dín in pín fún ará àti ọ̀rẹ́. Mùsùlùmí a máa fi àkàrà àti ògì ṣínu nínú ààwẹ̀. Onígbàgbọ́ a máa rà á lọ sílé lẹ́yìn ìsìn. Ẹnikẹ́ni kì í bi ìyá alákàrà léèrè ibi tí ó ti ń sin Ọlọ́run kí ó tó na owó sí i.

Ẹ má sì ṣe rò pé gbogbo èlò rẹ̀ ni ó jẹ́ ti ilẹ̀ wa. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n ata rodo àti ata ṣọ̀ǹbọ̀ ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá ni. Lẹ́yìn tí Columbus dé ibẹ̀ ní ọdún 1492 ni ọkọ̀ àwọn oníṣòwò òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irúgbìn wọn kiri ayé. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gúúsù náà ni ẹ̀pà, tí a ń fún òróró rẹ̀, ti wá. Nítorí náà, kí àkàrà wa tó lọ sí Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà ti wọ inú àkàrà wa. Ẹni tí ó bá ń wá oúnjẹ tí ohun àjèjì kò fọwọ́ kàn rí yóò pẹ́ lójú ọ̀nà.

LỌ́DỌ̀ ÀWỌN ARÁ ÌTÒSÍ

Àkàrà kò ní láti wọ ọkọ̀ òkun kí ó tó yí orúkọ padà. Àwọn Hausa ń pè é ní ƙosai. Ní ilẹ̀ Gánà, koose ni orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ń fi í mu ògì tiwọn láàárọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń ṣe. Ní gúúsù ilẹ̀ Benin, ata ni àwọn Fọ̀n ń pè é. Kí ọmọ Yorùbá tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lọ́jà Kútọnu má ṣe rò pé ata rodo ni wọ́n fẹ́ tà fún un.

Ní gbogbo ibi wọ̀nyí, orúkọ yí padà, èlò àti iṣẹ́ ọwọ́ kò yí padà. Bí ẹ bá di ojú alákàrà Ilé-Ogbó tí ẹ fún un ní koose jẹ, yóò mọ̀ pé iṣẹ́ òun ni.

FREETOWN: ORÚKỌ DÚRÓ, ÈLÒ PỌ̀ SÍ I

Lẹ́yìn tí ìjọba Bìrìtìkó fi òfin de òwò ẹrú lórí òkun ní ọdún 1807, àwọn ọkọ̀ ogun wọn a máa gba àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sílẹ̀, wọ́n a sì kó wọn lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n kó ní Òṣogùn ní ọdún 1821, tí ó dé Freetown ní 1822. Òun ni ayé wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ni ó wà ní ìlú náà, oúnjẹ wọn sì di ara oúnjẹ ìlú.

Títí di òní, àkàrà ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Wọ́n ń fi ẹ̀wà ṣe é, pàápàá níbi àsè tí wọ́n fi ń rántí àwọn baba ńlá wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń fi ìyẹ̀fun ìrẹsì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n ṣe òmíràn, àkàrà náà ni wọ́n sì ń pe ìyẹn. Ilẹ̀ ìrẹsì ni ilẹ̀ Sàró, ohun tí ó wà lọ́wọ́ ni a fi ń ṣe ohun tí ó wà lọ́kàn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú Bíbélì Yorùbá pẹ̀lú, èyí tí Crowther jẹ́ aṣáájú nínú ìtumọ̀ rẹ̀. Búrẹ́dì kò wọ́pọ̀ nígbà náà, a sì nílò ọ̀rọ̀ fún un. Àkàrà ni a yàn. Ìdí nìyí tí a fi ń ka iṣu àkàrà márùn-ún nínú Ìhìn Rere, tí a sì ń sọ̀rọ̀ àjọ̀dún àìwúkàrà. Orúkọ kúrò lórí ẹ̀wà, ó lọ jókòó sórí àlìkámà àti ọkà báálì. Gbogbo wa ni a gbà á, tí a kò rí ohun àjèjì nínú rẹ̀.

BAHIA: OHUN TÍ A KÒ LÈ GBÀ LỌ́WỌ́ ẸNI

Ìrìn-àjò tí ó gùn jù lọ ni ti Brazil, ìbànújẹ́ ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀. Láti òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún títí dé àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá tí Ọ̀yọ́-Ilé sì di ahoro, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ènìyàn wa ni wọ́n kó gba etí òkun lọ sí Bahia. Nagô ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Bí a bá ka gbogbo ọdún tí òwò náà fi wà, iye ọmọ Áfíríkà tí ọkọ̀ kó dé Brazil súnmọ́ mílíọ̀nù márùn-ún.

Kò sí ẹni tí ó gbé agbada tàbí ọlọ wọ inú ọkọ̀ ẹrú. Ohun tí àwọn ìyá wọ̀nyẹn gbé lọ ni èyí tí a kò lè gbà lọ́wọ́ ẹni: bí a ti ń bó ẹ̀wà, bí a ti ń po ó, bí a ti ń mọ̀ pé epo ti gbóná tó. Nígbà tí wọ́n rí ẹ̀wà àti epo pupa ní Bahia, ọwọ́ wọn rántí iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn olówó ẹrú kan a máa rán obìnrin jáde láti tajà ní ìgboro. Iye kan ni obìnrin náà gbọ́dọ̀ mú wálé fún olówó rẹ̀, èyí tí ó bá lé ni tirẹ̀. Àwọn kan kó èyí tí ó lé yìí jọ títí wọ́n fi ra ara wọn padà, àwọn mìíràn sì ra ọmọ wọn padà. Àwọn àgbà wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn ìyá yìí jẹ́ iṣẹ́ náà bí ọmọ, wọ́n sì fi í gba òmìnira kí òfin tó fòpin sí oko-ẹrú ní Brazil ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún, ọdún 1888.

Acarajé ni orúkọ tí oúnjẹ náà ń jẹ́ níbẹ̀. Àlàyé tí ó gbilẹ̀ ni pé àkàrà àti jẹ ni ó so pọ̀ di orúkọ kan. Kò ṣòro fún etí Yorùbá láti gbọ́ ohùn ìpolówó nínú rẹ̀: ẹ wá ra àkàrà jẹ. Ohun tí òǹtàjà ń ké ni ó di orúkọ ọjà. Manuel Querino, ọmọ Bahia, ṣe àpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé tí ó kọ lórí oúnjẹ ìlú rẹ̀, èyí tí a tẹ̀ ní ọdún 1928 lẹ́yìn ikú rẹ̀: ẹ̀wà tí a rẹ sínú omi tútù kí èèpo rẹ̀ lè bọ́, tí a sì lọ̀ lórí òkúta. Ìyá àgbà ẹnikẹ́ni nínú wa ì bá mọ iṣẹ́ náà.

Ohun tí ó yí padà kò kéré. Àkàrà Bahia tóbi ju tiwa lọ. Wọ́n máa ń là á láàárín, wọ́n á sì kó ohun ọbẹ̀ sínú rẹ̀: caruru tí wọ́n fi ilá ṣe, vatapá tí wọ́n fi búrẹ́dì, ẹ̀pà, edé, omi àgbọn àti epo pupa rò pọ̀, àti edé gbígbẹ lórí rẹ̀. Orúkọ epo náà, dendê, èdè àwọn ará Àǹgólà ni ó ti wá, nítorí pé àwọn náà wà nínú oko-ẹrú kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: nílé, ọ̀pọ̀ alákàrà ti fi epo pupa sílẹ̀, òróró ni wọ́n ń lò. Ní Bahia, epo pupa ni wọ́n ṣì ń fi dín in. Nígbà mìíràn, ẹni tí a kó kúrò nílé ni ó ń pa àṣà ilé mọ́ ju ẹni tí ó jókòó sílé lọ.

Ọ̀nà kan so Bahia pọ̀ mọ́ agbègbè wa yìí. Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi tí Yunifásítì Bowen tí ó wà ní Ìwó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1850, ó sì tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá jáde ní 1858. Nígbà tí àìlera kò jẹ́ kí ó padà sọ́dọ̀ wa, ó lọ sí Rio de Janeiro ní nǹkan bí ọdún 1860, pẹ̀lú ìrètí àtiwàásù fún àwọn Yorùbá tí ó wà lóko-ẹrú níbẹ̀. Ó bá àwọn tí ó gbọ́ èdè wa pàdé ní ìlú náà. Kò pẹ́ níbẹ̀ tí àìsàn fi dá a padà sí Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ìtàn náà fi hàn pé èdè wa àti àkàrà wa jọ la òkun kan náà kọjá ni.

ÀWỌN ERÉKÙṢÙ KARIBÍÀ: ORÚKỌ NÌKAN NI Ó DÉ

Àríwá Brazil, nínú òkun Karibíà, ni a ti rí ìyípadà tí ó lágbára jù. Ní Trinidad àti Martinique, accra jẹ́ ẹja oníyọ̀ tí a gún mọ́ ìyẹ̀fun, tí a sì dín. Ní Haiti, akra jẹ́ iṣu kan tí ó jọ kókò, tí a rin tí a sì dín. Ẹ̀wà kò sí nínú wọn. Ní Kúbà, òdìkejì rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀: wọ́n ń dín ẹ̀wà olójú dúdú gẹ́gẹ́ bí tiwa, ṣùgbọ́n orúkọ èdè Sípéènì, bollitos de carita, ni wọ́n fún un.

A kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹja oníyọ̀ ni àwọn olóko rà fún àwọn ẹrú nítorí pé kò wọ́n, ẹja náà ni wọ́n sì sọ di oúnjẹ aládùn. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún wa: orúkọ lè pẹ́ láyé ju ohun tí ó ń jẹ́ orúkọ náà lọ.

TA NI Ó NI ÀKÀRÀ?

Ní Bahia, ọ̀rọ̀ náà dé ibi tí ó kan ìgbàgbọ́. Àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé ka acarajé sí oúnjẹ Ọya, láàárín wọn sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kọ́kọ́ ń tà á ní ìgboro ti wá, nínú aṣọ funfun àti gèlè wọn. Ní àwọn ẹ̀wádún àìpẹ́ yìí, àwọn obìnrin ìjọ ajíhìnrere bẹ̀rẹ̀ sí í tà á pẹ̀lú. Àwọn kan nínú wọn bọ́ aṣọ funfun náà sílẹ̀, wọ́n sì sọ àkàrà wọn ní bolinho de Jesus, èyí tí a lè túmọ̀ sí àkàrà Jésù. Àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní a ń fi Krístì bo orísun oúnjẹ náà mọ́lẹ̀. Àwọn mìíràn ní ẹ̀rí-ọkàn àwọn kò gba ohun tí a fi bọ òrìṣà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun fún ìjọ. Ìbéèrè irú rẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì dáhùn nínú ìwé rẹ̀ kìíní sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí 8 àti orí 10, nípa ẹran tí a ń tà lọ́jà. Ohun tí Ọlọ́run dá ni oúnjẹ, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ tẹ ẹ̀rí-ọkàn arákùnrin wa mọ́lẹ̀. Ní Ilé-Ogbó, níbi tí àkàrà ti jẹ́ oúnjẹ gbogbo ẹ̀sìn, ó rọrùn fún wa láti rẹ́rìn-ín sí àríyànjiyàn náà. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Onígbàgbọ́ ní ẹ̀tọ́ láti dín àkàrà láìfi bọ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bí ẹni pé kò sí àwọn ìyá tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà la oko-ẹrú kọjá, ohunkóhun tí wọn ì báà máa sìn. Òtítọ́ nípa orísun kò ba ìgbàgbọ́ jẹ́. Kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ́ni níṣẹ́ kò sọni di abọ̀rìṣà.

Ní ọdún 2005, IPHAN, àjọ ìjọba tí ń ṣọ́ ogún àṣà ilẹ̀ Brazil, fi orúkọ kan sínú ìwé ogún orílẹ̀-èdè náà. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: kì í ṣe acarajé ni wọ́n kọ síbẹ̀. Iṣẹ́ àwọn obìnrin tí ń ṣe acarajé ni wọ́n kọ. Àwọn obìnrin náà sì mọ iye iṣẹ́ wọn. Nígbà tí ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2014 ń bọ̀, tí ìlànà àwọn olùṣètò fẹ́ lé àwọn òǹtàjà ìgboro jìnnà sí pápá ìṣeré Fonte Nova ní Salvador, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, a sì fún wọn láyè.

OHUN TÍ Ó PADÀ WÁLÉ

Ìrìn-àjò náà ní àbọ̀ pẹ̀lú. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Àgùdà padà láti Brazil wá sí Èkó, Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú etí òkun mìíràn. Wọ́n kó frejon bọ̀, láti inú feijão, ọ̀rọ̀ tí àwọn Potogí ń pe ẹ̀wà. Ẹ̀wà tí a lọ̀ kúnná tí a sì sè pẹ̀lú omi àgbọn ni, tí a ń fi ọbẹ̀ ẹja jẹ. Títí di òní, oúnjẹ Ọjọ́ Ẹtì Rere ni ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹ̀wà tí ó bá omijé lọ, ìrántí àgbélébùú ni ó bá bọ̀.

Ẹ̀KỌ́ FÚN ILÉ WA

Lónìí, àwọn ọmọ wa ló ń rìn. Wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n wà ní Houston. Kò sí ẹni tí ó fi ẹ̀wọ̀n dè wọ́n lọ. Wọ́n lè ra ẹ̀wà tí a ti bó, wọ́n lè ra ẹ̀wà tí a ti lọ̀ di ìyẹ̀fun, ẹ̀rọ ìlọta sì wà nílé ìdáná wọn. Èlò kò wọ́n wọn, orúkọ kò sì sọnù. Ohun tí ó lè sọnù ni ẹ̀kẹta, iṣẹ́ ọwọ́, nítorí pé a kì í rà á ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró ti ọmọ kí ó sọ fún un pé: pò ó sí i, kò tíì wú.

Àwọn tí kò ní ohunkóhun lọ́wọ́ kọ́ ọmọ wọn ní iṣẹ́ yìí nínú oko-ẹrú. Kí ni àwíjàre tiwa, tí a ní gbogbo rẹ̀? Kò burú bí ọmọ wa bá fi ẹja tàbí ewébẹ̀ sínú àkàrà tirẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ tí àkàrà dé ni ó ti gba nǹkan mọ́ra, ilẹ̀ wa pẹ̀lú. Èyí tí ó burú ni kí ó mọ orúkọ rẹ̀ kí ó má mọ bí a ti ń ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé-ẹ̀kọ́ wa. Orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ẹ̀rí gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn olùkọ́ wa fi ọwọ́ wọn kọ́ wa, òtítọ́, ìforítì àti ìbẹ̀rù Ọlọ́run, kì í bá ìwé ẹ̀rí lọ sọ́dọ̀ ọmọ. Ọwọ́ ni a fi ń gbé e lé ọwọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ILÉ

1. Nínú orúkọ, èlò àti iṣẹ́ ọwọ́, èwo ni ó dúró ní Gánà, ní Freetown, ní Bahia àti ní Trinidad? Èwo ni ó yí padà?

2. Kí ni ó fà á tí àkàrà fi ń léfòó lórí epo? Ẹ jẹ́ kí ọmọ tí ó kéré jù nínú ilé fi ọwọ́ ara rẹ̀ po ó, kí ó sì ṣàlàyé.

3. Ẹ ka 1 Kọ́ríńtì orí 8. Ìmọ̀ràn wo ni ẹ lè fún obìnrin onígbàgbọ́ kan tí ń ta acarajé ní Salvador?

4. Oúnjẹ wo ni ìyá yín tàbí ìyá àgbà yín mọ̀ ọ́n ṣe tí ẹnikẹ́ni nínú ilé yín kò tíì kọ́? Ọjọ́ wo ni ẹ ó lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀?